"Akọ ni àbí abo?" Ìbéèrè tó di ẹjọ́ nílùú Ọba

Bí obìnrin bá bímọ tán nílẹ̀ wa, lẹ́yìn "Ẹ kú ewu ọmọ," ohun tí àwọn ará ilé máa ń béèrè ni pé, "Akọ ni àbí abo?" Agbẹ̀bí yóò dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n irú ìbéèrè yìí di ẹjọ́ ńlá nílùú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé.

Lọ́dún 2018, àwọn aṣòfin Scotland ṣe òfin pé kí obìnrin kó ìdajì ipò nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba. Òfin náà ka àwọn kan tí wọ́n bí lọ́kùnrin, àmọ́ tí wọ́n ń gbé ìgbé ayé obìnrin, mọ́ obìnrin. Àwọn obìnrin kan tí wọ́n dá ẹgbẹ́ For Women Scotland sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà ní àwọn kò gbà. Ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ni wọ́ọ̀dù obìnrin ní ọsíbítù, yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, àti ibi tí obìnrin tí ọkọ lù máa ń sá sí.

Wọ́n jàre lẹ́ẹ̀kan lọ́dún 2022. Ni ìjọba bá gbé ìlànà mìíràn jáde pé ẹni tó bá ti gba ìwé ẹ̀rí ìjọba pé òun ti di obìnrin, obìnrin ni lójú òfin. Àwọn obìnrin náà tún pẹjọ́, wọ́n sì jẹ̀bi lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n wọn kò jáwọ́.

Ní April 16, 2025, adájọ́ márààrún ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fẹnu kò: nínú òfin ìdọ́gba ọdún 2010, bí wọ́n ṣe bí ènìyàn ni òfin ń wò. Wọ́n ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá tó dá lórí oyún àti ìbímọ kò ní í nítumọ̀.

Ṣùgbọ́n Adájọ́ Hodge kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á sí pé apá kan ṣẹ́gun èkejì. Òfin yẹn kan náà ṣì kọ̀ kí wọ́n fìyà jẹ àwọn tó yí padà, tàbí kí wọ́n tìtorí ẹ̀ lé wọn níbi iṣẹ́. Inú ọ̀pọ̀ wọn kò dùn sí ìdájọ́ náà. Wọ́n ní yóò jẹ́ kí ayé nira fún àwọn.

Ibi tó kan ìlera rèé o. Ní England, wọ́n máa ń kọ̀wé pe obìnrin láti ọdún 25 sí 64 pé kó wá ṣàyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ọkùnrin tó bá pé ọdún 65, wọ́n á pè é wá wò bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn rẹ̀ ń wú. Ohun tó wà nínú ìwé dókítà ni wọ́n ń wò. Ẹni tó ní ilé-ọmọ tí ìwé pè lọ́kùnrin, ìwé ìpè kò ní í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àfi kó béèrè fúnra rẹ̀. Ara kò mọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá wà nínú irú ìgbé ayé yìí lọ́hùn-ún, ẹ má pa á tì. Ẹ rán an létí pé kó sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀ fún dókítà, kó sì béèrè àyẹ̀wò tó tọ́ sí i. Ìlera loògùn ọrọ̀.