Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì "Wrong" àti Yíyàn tí Ó Dojú Kọ Ògbufọ̀ Yorùbá

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "wrong" wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kọ́kọ́ ń mọ̀, nítorí pé òun ni olùkọ́ ń pè nígbà tí ó bá ń máàkì iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ etí lára tó, ó rọrùn láti rò pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo ni ó dúró fún un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì kó ohun mẹ́rin pọ̀ sábẹ́ "wrong", ṣùgbọ́n Yorùbá pín wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn mẹ́rin náà ni: iṣẹ́ tí ó tàsé ibi tí ó ń lọ, ohun tí kò bá ìlànà mu, ìwà tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ dáhùn fún, àti ohun tí ó ń ṣe ènìyàn tàbí ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ kò lè gbé "wrong" wá sí Yorùbá láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pinnu èyí tí ó jẹ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ilé ẹjọ́, ìpinnu bẹ́ẹ̀ lè yí ẹjọ́ padà.

2. Orírun "wrong" àti ìlò rẹ̀

Láti inú èdè Norse àtijọ́, tí àwọn ará Scandinavia tí wọ́n tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ, ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. "Rangr" ni ó ń jẹ́ nínú èdè náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí ó wọ́. Ó bá "wring" tan, èyí tí wọ́n ń lò bí ènìyàn bá lọ́ aṣọ tí ó fọ̀ kí omi lè jáde nínú rẹ̀. "Right", tí í ṣe òdìkejì rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti inú ìtumọ̀ ohun tí ó gún régé, tí kò tẹ̀.

Lónìí, "wrong" lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé láìyí ìrísí rẹ̀ padà. Àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí fi bí ìlò rẹ̀ ti gbòòrò tó hàn:

(1) (a) He entered the wrong house.
    (b) It is wrong to steal.
    (d) She wronged her brother.
    (e) What is wrong with the car?

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ó sọ bóyá ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan, tàbí bóyá ẹnì kankan tilẹ̀ ṣe ohunkóhun. Inú gbólóhùn àti ìṣẹ̀lẹ̀ ni olùgbọ́ ti ń rí ìyẹn.

3. Bí Yorùbá ṣe pín in

3.1 Ṣì

Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí yàtọ̀ sí "ṣì" tí ó wà nínú "ó ṣì ń sùn". Ó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn, àbọ̀ sì máa ń wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí àbọ̀ náà bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di ohùn àárín:

(2) (a) Ó ṣi owó kà.
    (b) Wọ́n ṣì mí gbọ́.
    (d) Ọlọ́pàá ṣì í mú.
    (e) Ẹ ṣi nọ́ńbà pè.

Láti ara rẹ̀ ni a ti rí àṣìṣe, àṣìsọ, àṣìgbọ́, àṣìmú àti àṣìlò. Ohun tí "ṣì" ń sọ ni pé ẹni tí ó ṣe nǹkan ní ibi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n kò dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni ó wà ní ìdí rẹ̀: ẹni tí ó ṣìnà ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ìdáhùn tí ó tọ̀nà sì ni èyí tí ó tọ ojú ọ̀nà.

Ìyàtọ̀ kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí a kíyè sí. Gẹ̀ẹ́sì so "wrong" mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ nínú (1a), bí ẹni pé ilé náà ni ó ní àléébù. Yorùbá yóò sọ pé "Ó ṣi ilé wọ̀". Kò sí ohun tí ó ṣe ilé náà. Ìwọlé ẹni náà ni ó tàsé. Ara iṣẹ́ ni Yorùbá ń gbé àṣìṣe lé, kì í gbé e lé ohun tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà.

"Ṣèèṣì" sún mọ́ "ṣì" nínú ìtumọ̀, "mọ̀ọ́mọ̀" sì ni òdìkejì rẹ̀. "Ó ṣèèṣì tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀" àti "Ó mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀" kì í ṣe ẹjọ́ kan náà lójú Yorùbá. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá pe ìwà kan ní àṣìṣe ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí ó hù ú. Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Ẹni tí ó ṣe àṣìṣe ni wọ́n ń pa òwe yìí fún. Kò sí àgbà tí yóò pa á fún olè tí wọ́n ká mọ́ orí àjà.

3.2 Tọ́, yẹ àti lòdì

"Tọ́" ni ó sún mọ́ ìtàn "right" jù lọ, nítorí pé ó jẹ́ ti ohun tí kò wọ́ àti ti ohun tí ó bá ìlànà mu. Igi lè tọ́, ọ̀rọ̀ náà sì lè tọ́. (1b) yóò di "Kò tọ́ kí ènìyàn jalè". "Kò yẹ" náà lè dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àwùjọ àti ipò ẹni tí ó ṣe nǹkan ni ó ń wò. Bí àléébù náà bá kéré, tàbí bí olùsọ̀rọ̀ bá fẹ́ fi ọ̀wọ̀ wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò ní ó kù díẹ̀ káàtó.

"Lòdì sófin" yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Ọmọ tí ó kọjá lára bàbá rẹ̀ ní òwúrọ̀ láìkí i kò rú òfin ìjọba kankan, síbẹ̀ gbogbo ilé ni yóò sọ pé ohun tí ó ṣe kò tọ́. Bákan náà, ìyá tí ó pàtẹ ata sí ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ ti ṣe ohun tí ó lòdì sófin, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aládùúgbò kò ní sọ pé ìwà rẹ̀ kò tọ́.

3.3 Ṣẹ̀ àti jẹ̀bi

Fún (1d), Yorùbá ní "Ó ṣẹ arákùnrin rẹ̀". Nínú ìwàásù, ẹ̀ṣẹ̀ ti di ohun tí ó wà láàárín ènìyàn àti Ọlọ́run, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ènìyàn ṣì lè ṣẹ ọmọnìkejì rẹ̀, kí ó sì tọrọ àforíjì.

Ẹ̀bi kò dà bí ẹ̀ṣẹ̀. Àre ni èkejì rẹ̀, kò sì sí ẹni tí í jẹ̀bi láìsí ẹlòmíràn tí ó jàre. Jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́, bí wọ́n ti ń jẹ gbèsè. Àwọn tí ó gbọ́ tẹnu ọ̀tún tí wọ́n sì gbọ́ tòsì ni wọ́n ń dá a. Nínú ẹbí, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni "mo jẹ̀bi" ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àbúrò lè dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀bi mi ni", nígbà tí ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kọ́ ni òun fa ìjà. Ọ̀wọ̀ àti àlàáfíà ni ó ń wá. Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

3.4 Ṣe

Fún (1e), Yorùbá ń béèrè pé "Kí ló ṣe ọkọ̀ náà?", bí ó ti ń bi aláìsàn pé "Kí ló ń ṣe ọ́?" Ohun kan ni ó ń ṣe ọkọ̀ tàbí aláìsàn náà. Ìbéèrè náà kò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni, kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni tàsé.

4. "Wrong" nínú ilé ẹjọ́

Ní oṣù kìíní ọdún 1843, Daniel M'Naghten yìnbọn fún Edward Drummond ní Lọ́ńdọ̀nù. Akọ̀wé olórí ìjọba, Robert Peel, ni Drummond. Èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé M'Naghten rò pé Peel gan-an ni. Drummond kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá M'Naghten sílẹ̀ lórí pé orí rẹ̀ kò pé. Lẹ́yìn èyí, ilé ìgbìmọ̀ àwọn Lọ́ọ̀dù bi àwọn adájọ́ ní ìbéèrè, ìdáhùn wọn sì di ìlànà: wọ́n ní kí ilé ẹjọ́ wò ó bóyá àìsàn ọpọlọ kò jẹ́ kí olùjẹ́jọ́ mọ irú ohun tí ó ń ṣe, tàbí, bí ó bá mọ̀ ọ́n, bóyá kò mọ̀ pé ó jẹ́ "wrong".

Ẹjọ́ yìí nìkan tó láti fi ìṣòro náà hàn. Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé M'Naghten pa "the wrong man", kí ó sì tún béèrè bóyá ó mọ̀ pé pípa ènìyàn jẹ́ "wrong". Yorùbá kò lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ méjèèjì. Yóò ní ó ṣi Drummond pa, yóò sì wá béèrè bóyá ó mọ̀ pé ohun tí òun ṣe kò tọ́, tàbí pé ó lòdì sófin.

Àwọn adájọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí wọn pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan lórí "kò tọ́" àti "lòdì sófin". Ní 1952, nínú ẹjọ́ Windle, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní "wrong" túmọ̀ sí ohun tí ó lòdì sófin. Ní ọdún yẹn kan náà, nínú ẹjọ́ Stapleton, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Australia kọ ìtumọ̀ yìí, ó ní ohun tí àwọn ènìyàn gbogbo kà sí ìwà tí kò tọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá ní tààrà. Criminal Code tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà ní 1916, tí ìpínlẹ̀ Gúúsù sì jogún, kò lo "wrong" ní ẹsẹ 28 rẹ̀. Ohun tí ó béèrè ni bóyá olùjẹ́jọ́ lágbára láti mọ̀ pé kò yẹ kí òun ṣe ohun tí òun ṣe. Ṣùgbọ́n Penal Code ti Àríwá, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, tí Kwara sì jogún, pe "wrong" àti ohun tí ó lòdì sófin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ẹsẹ 51 rẹ̀. Ògbufọ̀ tí ó ti mọ́ lára láti sọ pé "lòdì sófin" fún "wrong" yóò rí i ní Ìlọrin pé òun ń sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí òfin yà sọ́tọ̀ yóò sì sọnù.

Kì í ṣe inú ẹjọ́ àìsàn ọpọlọ nìkan ni ewu yìí wà. Bí agbẹjọ́rò bá bi olùjẹ́jọ́ pé "Did you know that what you did was wrong?", ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́rin ni ògbufọ̀ lè gbà gbé e kalẹ̀:

(3) (a) Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé àṣìṣe ni ohun tí ẹ ṣe?
    (b) Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ ṣe kò tọ́?
    (d) Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ ṣe lòdì sófin?
    (e) Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ jẹ̀bi?

Ẹni tí ó bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí (3a) ti sọ pé òun kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹni tí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ sí (3e) ti gba ẹjọ́ kọ́rùn, bóyá nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó jókòó síwájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àbúrò ti ń ṣe nínú ẹbí. "Yes" kan náà ni yóò wà nínú ìwé ilé ẹjọ́ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Adájọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá kò ní mọ̀ pé ìbéèrè tí olùjẹ́jọ́ dáhùn kì í ṣe èyí tí agbẹjọ́rò bi í.

5. Àsọkágbá

Ẹsẹ 36(6)(e) nínú Òfin Nàìjíríà ti 1999 fún olùjẹ́jọ́ tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣe ẹjọ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsanwó. Kí ẹ̀tọ́ yìí tó lè ní ìtumọ̀, ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí èdè méjèèjì ti yapa. Ohun mẹ́ta ni àlàyé òkè yìí tọ́ka sí. Èkíní, kí ògbufọ̀ má lo "jẹ̀bi" fún "wrong", àyàfi bí ilé ẹjọ́ bá ń béèrè bóyá olùjẹ́jọ́ gba ẹ̀sùn náà. Èkejì, bí kò bá dá a lójú èyí tí agbẹjọ́rò ní lọ́kàn, kí ó bi í kí ó tó túmọ̀, nítorí pé ẹyin lohùn. Ẹ̀kẹta, ní ibi tí ẹjọ́ bá ti rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n kọ ìbéèrè àti ìdáhùn Yorùbá náà sílẹ̀ bí wọ́n ti jáde lẹ́nu, kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lè rí ohun tí wọ́n bi olùjẹ́jọ́ gan-an.