Bí Ayédèrú Módẹ́ẹ̀lì Ṣe Wọ Inú Àyẹ̀wò Ètò JavaScript

Nínú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi JavaScript kọ, módẹ́ẹ̀lì ni alárinà láàárín kóòdù àti dátábéèsì. Òun ni wọ́n ń rán láti wá orúkọ oníbàárà, láti fi tuntun kún un tàbí láti pa ti àtijọ́ rẹ́. Nígbà àyẹ̀wò, ọ̀pọ̀ ló ń fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀, kí dátábéèsì gidi má baà dá sí i rárá.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi Java kọ ètò ní Lọ́ńdọ́nù ni ọgbọ́n yìí ti ṣẹ̀. Lọ́dún 2000, Tim Mackinnon, Steve Freeman àti Philip Craig ṣàlàyé irú ayédèrú yìí, tí wọ́n pè ní mock object, níbi àpérò XP2000 ní Sardinia, nílẹ̀ Ítálì. Wọ́n fi hàn pé a lè dán ẹyọ kóòdù kan wò láìkọ́kọ́ to dátábéèsì kalẹ̀. Lọ́dún 2007, ìwé Gerard Meszaros, xUnit Test Patterns, ya àwọn ayédèrú sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: stub kàn ń dáhùn ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni, ṣùgbọ́n mock tún ń wò ó bóyá wọ́n pè é bó ṣe yẹ.

Nígbà tí Ryan Dahl gbé Node.js jáde lọ́dún 2009, ó wá wọ́pọ̀ kí JavaScript máa bá dátábéèsì ṣiṣẹ́ ní tààràtà. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ módẹ́ẹ̀lì sì dé: Mongoose fún dátábéèsì MongoDB, Sequelize fún MySQL àti PostgreSQL. Irinṣẹ́ àyẹ̀wò náà tẹ̀ lé wọn: Sinon.JS ti Christian Johansen, lẹ́yìn náà Jest, tí Facebook fi lé aráyé lọ́wọ́ lọ́dún 2014.

Ká gbà pé ètò kan kò gbọdọ̀ gba ímeèlì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò á kọ́ ayédèrú User.findOne, tó ń wá oníbàárà, pé kó dáhùn pé ímeèlì náà ti wà nílẹ̀. Á wá wo ohun méjì: pé ètò kọ ẹni tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni kò pe User.create, tó ń fi oníbàárà tuntun kún un. Ó tún lè ní kí ayédèrú ṣe bí ẹni pé dátábéèsì ti dákú, ohun tó ṣòro láti fi dátábéèsì gidi ṣe.

Àmọ́ ayédèrú kò mọ òfin dátábéèsì. Bí wọ́n bá ṣi orúkọ òpó (column) kan kọ, yóò gbà á láìjanpata. Bí ènìyàn méjì bá sì fi ímeèlì kan náà forúkọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, findOne lè sọ fún àwọn méjèèjì pé ààyè ṣí sílẹ̀. Òfin unique inú dátábéèsì, tí kì í gba ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ló lè dá ọ̀kan dúró. Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà kìlọ̀ lọ́dún 2004 pé ohun tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nìkan ni kó máa ṣe ayédèrú rẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀nà méjèèjì, ayédèrú àti dátábéèsì gidi, ló yẹ ká lò. Irinṣẹ́ bíi mongodb-memory-server ń tan MongoDB gidi fún àkókò àyẹ̀wò nìkan, tí dátà rẹ̀ á sì pòórá lẹ́yìn náà. Kí ẹni tó ń kọ kóòdù fi ayédèrú dán ìpinnu kóòdù rẹ̀ wò, kó sì fi dátábéèsì gidi dán ìbéèrè rẹ̀ wò, kó tó gbé ètò náà fún aráyé.