Akẹ́kọ̀ọ́ Onípàṣípààrọ̀ ní Ìlú Delft: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ará Ìlọrin Mọ̀ Kí Ọmọ Tó Gbéra

Bí ìròhìn bá kàn ní agbo ilé kan ní Ìlọrin pé ọmọ wọn ti rí àyè láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní Họ́lándì, ayọ̀ ni gbogbo ilé fi ń gbà á. Ayọ̀ náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kì í béèrè títí ọmọ yóò fi padà dé: ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ níbẹ̀ yóò wọ inú ìwé ẹ̀rí tí yóò gbà nílé? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni yóò fi hàn bóyá àkókò tí ọmọ náà lò lókè òkun jẹ́ èrè tàbí òfò. Kí ọmọ tó gbéra ni ó sì yẹ kí a ti rí ìdáhùn náà.

Ta ni Akẹ́kọ̀ọ́ Onípàṣípààrọ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ onípàṣípààrọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó fi Nàìjíríà sílẹ̀ láti lọ gba oyè ní òkè òkun. Ẹni tí ó lọ gba oyè ti di akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ó lọ. Òun ni yóò san owó ẹ̀kọ́ ibẹ̀, owó náà kò sì kéré fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ onípàṣípààrọ̀, ó ṣì jẹ́ ọmọ yunifásítì tí ó ti lọ. Orúkọ rẹ̀ kò kúrò nínú ìwé wọn, àwọn náà ni yóò sì fún un ní oyè ní ìkẹyìn. Sáà ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì péré ni ó lọ lò lọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, nípa àdéhùn tí ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ti jọ fọwọ́ sí. Níbi tí kò bá sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, kò sí pàṣípààrọ̀ rárá.

Èyí tí a mọ̀ jùlọ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni Erasmus. Ọdún 1987 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tiwọn. Ní ọdún 2015 ni wọ́n ṣí apá kan rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn yunifásítì ilẹ̀ mìíràn, títí kan ti Áfíríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá yàn lábẹ́ ètò yìí kì í san owó ẹ̀kọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ tí ó gbà á lálejò, a sì máa ń fún un ní owó ìrànlọ́wọ́ fún oúnjẹ àti ibùgbé. Ètò mìíràn tí a ń pè ní Orange Knowledge, tí ìjọba Nẹ́dálándì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017, tí Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó jẹ àǹfààní rẹ̀, ti parí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gba owó lónìí pé òun yóò fi ọmọ ènìyàn sínú ètò náà, ẹ̀tàn ni.

Ohun Tí Ó Kan Ìlọrin Nínú Ọ̀rọ̀ Delft

Delft jẹ́ ìlú kan tí ó wà láàárín ìlú Hague àti Rotterdam, iye ènìyàn ibẹ̀ sì lé ní 100,000. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà níbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1842. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IHE, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1957, tí ó sì jẹ́ pé ẹ̀kọ́ nípa omi ni iṣẹ́ rẹ̀. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé nǹkan bí ìdámẹ́rin ilẹ̀ Nẹ́dálándì ni ó rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Ní òru ọjọ́ 31 oṣù kìíní mọ́jú ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 1953, òkun ya àwọn bèbè tí a fi dí i, ó sì pa ènìyàn 1,836 ní ilẹ̀ náà. Ẹni tí omi bá ti ṣe báyìí kò ní fi ẹ̀kọ́ nípa omi ṣeré.

Ìpínlẹ̀ Kwara pẹ̀lú kò ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ omi. Orúkọ tí àwọn Haúsá ń pe Odò Ọya ni a fi sọ ìpínlẹ̀ náà. Ní ọdún 1959, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ará Nẹ́dálándì tí ń jẹ́ NEDECO gbé ìwé ńlá kan jáde lórí bí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti ń ṣàn àti bí a ṣe lè tún wọn ṣe. Lẹ́yìn náà ni a ṣe ìsédò Káìnjì, tí a parí ní ọdún 1968, àti ti Jẹ́bà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná mànàmáná ní ọdún 1985. Ní Yunifásítì Ìlọrin, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, ni ibùdó orílẹ̀-èdè fún ìwádìí lórí iná mànàmáná tí a ń fi agbára omi ṣe wà. Odò Àsà sì la àárín ìlú Ìlọrin kọjá. Àwọn tí ń gbé etí rẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé àkúnya omi fún wọn. Ọmọ tí ó bá lọ kọ́ ìmọ̀ yìí, iṣẹ́ ń dúró dè é nílé.

Ìtàn Àwọn Ọmọ Ọba Aṣánté Méjì

Delft ti gba ọmọ ilẹ̀ wa yìí lálejò rí, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọdún 1837, nígbà tí ìjọba Nẹ́dálándì àti Ọba Aṣánté, Kwaku Dua Kìíní, ń dá májẹ̀mú ní Kumasi, ọba náà fi ọmọ rẹ̀ Kwasi Boachi àti ọmọ ẹbí rẹ̀ Kwame Poku ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Nẹ́dálándì láti lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ọmọdé ni àwọn méjèèjì. Delft ni a fi wọ́n sí. Wọ́n mọ ìwé, wọ́n gbọ́ èdè Dutch, wọ́n sì ń jókòó pẹ̀lú àwọn ènìyàn ńlá.

Nígbà tí ọ̀ràn di ti àbọ̀ ni ìṣòro dé. Ní ọdún 1847 ni Kwame Poku padà sí Elmina ní etí òkun, lábẹ́ àwọn ará Nẹ́dálándì. Ó ti gbàgbé èdè abínibí rẹ̀. A ní kí ó kọ́ ọ padà kí ó tó wọ Kumasi. Kò padà dé ilé bàbá rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1850, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní Elmina. Kwasi Boachi kò padà rárá: ó di onímọ̀ ẹ̀rọ nípa ìwakùsà, ó lọ sí erékùṣù Java tí ó wà lábẹ́ Nẹ́dálándì nígbà náà, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1904.

Àwọn ọmọ méjèèjì kò yọ̀lẹ. A tọ́jú ìlọ wọn dáradára. Àbọ̀ wọn ni a kò tọ́jú tó. Lónìí, ọkọ̀ òfuurufú ti sọ ọ̀nà náà di kúkúrú, kò sì sí ọmọ tí yóò gbàgbé Yorùbá ní oṣù mẹ́fà. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà kò tíì gbó: kí a tó yọ̀ǹda ọmọ, kí a ti mọ bí yóò ṣe padà wọlé.

Ìwé Tí Ó Ń Ṣí Ìlẹ̀kùn Àbọ̀

Fún akẹ́kọ̀ọ́ onípàṣípààrọ̀, ohun tí ń ṣí ìlẹ̀kùn àbọ̀ ni ìwé àdéhùn ẹ̀kọ́. Nínú ìwé yìí ni a ń kọ orúkọ gbogbo ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ lóhùn-ún sí, pẹ̀lú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò dípò nílé. Ẹni mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i: akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, yunifásítì ilé, àti yunifásítì tí yóò gbà á. Bí olùkọ́ kan bá sọ lẹ́nu lásán pé kò sí ìṣòro, ìyẹn kò tó. Olùkọ́ lè kúrò ní ipò rẹ̀ kí ọmọ tó dé. Bí a bá yí ẹ̀kọ́ kan padà lóhùn-ún, kí a tún ìwé náà kọ, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tún fọwọ́ sí i.

Ó yẹ kí a mọ ìṣirò wọn pẹ̀lú. Ní Nẹ́dálándì, yúníìtì 60 ni ẹ̀kọ́ ọdún kan, 30 sì ni ti sáà kan. Wákàtí 28 ni a ń ka yúníìtì kọ̀ọ̀kan sí, tí ó fi jẹ́ pé sáà kan jẹ́ iṣẹ́ wákàtí 840. Láti 1 dé 10 ni máàkì wọn, ààlà àṣeyege sì sábà máa ń jẹ́ 5.5 tàbí 6. Àwọn tí ń gba 9 tàbí 10 kò wọ́pọ̀. Ẹni tí ó gba 8 ti ṣe dáradára gan-an. Bí yunifásítì ilé bá kàn sọ 6 nínú 10 di 60 nínú 100 láì wo ìyàtọ̀ yìí, a lè rẹ́ ọmọ náà jẹ. Nítorí náà, kí a béèrè bí a ó ṣe yí máàkì padà, kí ìdáhùn sì wà nínú ìwé.

Físà, Yàrá àti Ìgbé Ayé

Ẹni tí yóò lò ju 90 ọjọ́ lọ nílò ìwé àṣẹ ìwọ̀lú àti ìwé ìgbélùú. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó gbà á ni yóò bá a béèrè fún un lọ́wọ́ ìjọba Nẹ́dálándì. Kì í ṣe iṣẹ́ alágbàṣe ẹ̀gbẹ́ títì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi hàn pé òun ní owó tí yóò tó òun jẹ, iye tí ìjọba wọn sì ń là sílẹ̀ máa ń yípadà. Bí ọmọ Nàìjíríà bá dé ibẹ̀, yóò ṣe àyẹ̀wò àrùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, yóò sì fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí a ó ti fún un ní nọ́ńbà tí gbogbo ará ìlú ní. Bí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, agbanisíṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, iṣẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 16 lọ ní ọ̀sẹ̀ kan, àfi ní oṣù kẹfà, keje àti kẹjọ.

Yàrá ṣọ̀wọ́n púpọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́tàn ni ó sì ń fi àwòrán yàrá tí kì í ṣe tiwọn gba owó lọ́wọ́ àlejò. Ọ̀dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni kí a kọ́kọ́ ti béèrè yàrá, kí ó tó di pé a ra ìwé ọkọ̀ òfuurufú.

Ní ti ìgbé ayé, kẹ̀kẹ́ ni tolówó tòtòṣì ń gùn níbẹ̀. Ní oṣù kejìlá, oòrùn ti wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù kẹfà, ó di nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́ kí ó tó wọ̀. Ọmọ Mùsùlùmí láti Ìlọrin yóò rí i pé àkókò ìrun ń sún síwá sẹ́yìn gidigidi, kí ó sì mú àtẹ àkókò ìrun ti ìlú náà dání. Nínú kíláàsì, olùkọ́ kì í bínú bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi í léèrè tàbí tí ó bá ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí. Ìyẹn kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó dákẹ́ ni wọ́n lè rò pé kò mọ nǹkan. Kí ọmọ kọ́ èyí lóhùn-ún, kí ó má sì gbàgbé ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ nígbà tí ó bá dé.

Iṣẹ́ Òbí

Bí ó bá kù tó ọdún kan kí ọmọ lọ ni ó yẹ kí ètò ti bẹ̀rẹ̀. Kí òbí bá ọmọ lọ sí ilé iṣẹ́ tí ń bójú tó àjọṣe òkè òkun ní yunifásítì rẹ̀, kí wọ́n sì béèrè ohun mẹ́rin: ǹjẹ́ àdéhùn wà láàárín ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì? Ta ni yóò san kí ni? Àwọn ẹ̀kọ́ wo ni a ó kà fún ọmọ nígbà tí ó bá dé? Báwo ni a ó ṣe yí máàkì rẹ̀ padà? Bí a bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ìwé, kí ọmọ máa lọ ní àlàáfíà. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, kí ó dúró ná. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ relé, kí ó ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kí ó tó jáde.