Bí Híta Ọkọ̀ Bá Ń Fẹ́ Tútù, Ẹ Lọ Wo Omi Ẹ́ńjìnnì

Bí a bá dárúkọ híta ọkọ̀ láàárín wa, ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ yóò rín. Wọn á ní, “Nínú oòrùn wa yìí? Ta ló tún ń wá ooru?” Wọn kò kúkú purọ́. Àwọn tí yìnyín ń bọ́ lé lórí ló ṣe híta fún ara wọn. Àwa ra tòkunbọ̀, híta sì bá a wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé ẹrù kúrò ní Adó ní ìdájí nígbà ọyẹ́, tó gba Ìyìn àti Ìgèdè dé Aramọkọ, tó wá ń gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, mọ̀ pé òtútù wà ní Èkìtì. Ó sì mọ̀ pé inú gíláàsì iwájú a máa ṣú tí a kò fi ní rí ọ̀nà. Híta ló ń bá wa gbẹ ẹ́.

Híta tún ní iṣẹ́ kejì tó ju ìyẹn lọ: ẹlẹ́rìí ni. Bó bá yẹ kó fẹ́ gbígbóná, tó wá ń fẹ́ tútù, ó lè jẹ́ pé omi ti ń tán nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí kò bá gbọ́ ẹ̀rí yìí lè gbọ́ ti ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì.

IBI TÍ OORU TI Ń WÁ

Híta kì í dáná tirẹ̀. Omi ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì ká láti gba ooru rẹ̀, tó ń gbé e lọ sí rẹdiétọ̀ níwájú kó lè tutù. Díẹ̀ nínú omi gbígbóná yìí a máa gba họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lọ sínú rẹdiétọ̀ kékeré kan lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Fáànù á fẹ́ atẹ́gùn gba ara rẹ̀ kọjá, atẹ́gùn á sì gbóná. Bí omi kò bá dé ibẹ̀, ooru kò lè dé ibẹ̀.

Ti Volkswagen àtijọ́ tí à ń pè ní Ìjàpá yàtọ̀. Kò ní omi rárá. Ara páìpù èéfín ni híta rẹ̀ ti ń gba ooru. Bí páìpù yẹn bá ti dípẹtà tó lu, èéfín olóró lè wọ inú ọkọ̀. Kí oní-Ìjàpá tètè yẹ̀ ẹ́ wò.

BÍ A Ó ṢE YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó dá híta lẹ́jọ́. Bí atẹ́gùn kò bá jáde rárá, ọ̀rọ̀ fíúsì tàbí fáànù nìyẹn, iṣẹ́ rìwáyà ni. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá ń jáde tó sì tutù:

Èkínní, omi. Òwúrọ̀, kí a tó sítáàtì ọkọ̀, ni kí ẹ wò ó. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rẹdiétọ̀ tó gbóná o! Ìdérí yẹn ló há omi mọ́lẹ̀ tí kò fi hó bó tilẹ̀ gbóná ju 100 lórí ìwọ̀n Celsius lọ. Bí ẹ bá ṣí i, ojú yín ni yóò fò mọ́. Bí omi bá dín, ẹ rọ ọ́ kún, kí ẹ sì béèrè ibi tó gbà lọ. Ó lè jẹ́ họ́ọ̀sì, rẹdiétọ̀ tàbí wọ́tà-pọ́ǹpù ló ń jò. Bí èéfín funfun kò bá dá lẹ́yìn ọkọ̀, tàbí tí ọ́ìlì dà bíi tíì tí a bu mílíìkì sí, ẹ fura sí tọ́ọ̀pù gáásikẹ́ẹ̀tì.

Èkejì, afẹ́fẹ́. Bí a bá tú páìpù omi tí a sì rọ omi padà kánkán, afẹ́fẹ́ lè há sínú rẹ̀, omi kò sì ní ráyè kọjá. Mẹkáníìkì ní láti lé e jáde.

Ẹ̀kẹta, tẹmọ́sítáàtì. Òun ni ilẹ̀kùn tó ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná tó. Àwọn mẹkáníìkì wa kan a máa yọ ọ́ sọnù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná jù fún un. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní in kì í tètè gbóná tó bó ṣe yẹ, epo á máa lọ jù, híta náà á sì máa fẹ́ lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin, họ́ọ̀sì méjì yẹn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ rọra fọwọ́ kàn wọ́n. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, ìpẹtà ti dí rẹdiétọ̀ kékeré; omi kànga láìsí kúláǹtì ló sábà ń fà á. Bí méjèèjì bá gbóná, wáyà tàbí ilẹ̀kùn abẹ́ dáṣíbọọ̀dù ni kò ṣí. Nínú tòkunbọ̀, ó tún lè jẹ́ pé ẹnì kan ti so họ́ọ̀sì méjèèjì pọ̀, tí omi kò dé inú híta mọ́.

LÓRÍ ÒKÈ

Bí gééjì bá ń gòkè bí ẹ ti ń gun òkè, ẹ pa AC, ẹ ṣí wíńdò, kí ẹ sì tan híta dé òpin. Yóò bá ẹ́ńjìnnì gbé díẹ̀ nínú ooru rẹ̀ títí ẹ ó fi rí ibi dúró sí. Ṣùgbọ́n bí híta bá ṣàdédé ń fẹ́ tútù, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pa ọkọ̀. Ẹ má gbọ́kàn lé gééjì nìkan: inú omi ló ti ń wọn ooru, bí omi bá sì tán, ó lè máa parọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa kí ẹ tó rọ omi. Omi tútù lójijì lè la orí ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fi owó àyálò ẹgbẹ́ ra ọkọ̀ tó ń jẹun lórí rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, gbèsè kì í bá a kú. Oṣooṣù ni yóò máa dé, àwọn onídùúró yín náà kò sì ní sùn. Omi kẹ́tù kan láàárọ̀ kò tó nǹkan lára èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìwé yìí sí etí dírẹ́bà yín.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́