Ọmọ Pẹ́pẹ́yẹ Igbó Tí Ó Pàdánù Ìyá Rẹ̀

Àánú dára, ṣùgbọ́n àánú tí kò ní ìmọ̀ a máa pa ẹni tí a ń ṣàánú fún. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí nípa àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ igbó tí àgbẹ̀, apẹja tàbí ọmọ iléèwé máa ń rí lẹ́bàá omi ní àkókò òjò.

Ní àbàtà ńlá tí ó wà láàrin Hadejia àti Nguru, ní ìpínlẹ̀ Jigawa àti Yobe, irú pẹ́pẹ́yẹ kan wà tí ojú rẹ̀ funfun, tí ó sì máa ń súfèé bí ó bá ń fò. Takọ tabo wọn ni ó jọ ń sàba lé ẹyin, àwọn méjèèjì ni ó sì jọ ń da ọmọ. Bí ìbọn ọdẹ bá pa òbí, àwọn ọmọ a di aláìlólùtọ́jú.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ǹjẹ́ wọn kò ní ìyá mọ́ ní tòótọ́? Ìyá pẹ́pẹ́yẹ a máa sá pamọ́ sínú koríko bí ó bá gbúròó ènìyàn. Nítorí náà, kí ẹni tí ó rí wọn fà sẹ́yìn, kí ó máa wò wọ́n láti òkèèrè fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹni tí ó bá gbé wọn lọ kí ìyá tó padà dé kò gba ọmọ là. Ó jí ọmọ gbé ni.

Bí ó bá dájú pé òbí ti kú, ooru ni ohun kìn-ín-ní, oúnjẹ ni ó tẹ̀ lé e. Kí a kó wọn sínú páálí tí a tẹ́ aṣọ gbígbẹ sí, kí a sì fi gílóòbù iná kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kejì tutù. Ìgbóná ìwọ̀n 32 sí 35 Celsius ni ó yẹ wọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ń wọ́ jọ, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru ti pọ̀ jù.

Oúnjẹ òròmọdìẹ tí kò ní oògùn nínú, ewé tútù tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ àti kòkòrò ni kí wọ́n máa jẹ. Búrẹ́dì a máa yó wọn, ṣùgbọ́n kì í mú egungun le. Inú àwo pẹrẹsẹ tí a da òkúta wẹ́wẹ́ sí ni kí wọ́n ti máa mu omi. Kí a má ṣe jù wọ́n sódò, nítorí ọmọ tí kò sí lábẹ́ ìyá a tètè rin gbingbin, òtútù a sì pa á.

Èyí tí ó le jù ni ìyapa. Konrad Lorenz, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1973, rí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́jọ́ kan gbà lọ́wọ́ aládùúgbò nígbà tí ó wà ní kékeré. Ọmọ náà sọ ọ́ di ìyá, ó sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn káàkiri. Ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀: pẹ́pẹ́yẹ tí ó fi ènìyàn ṣe ìyá kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun sá fún ọdẹ. Nítorí náà, kí a tọ́ wọn pọ̀, kí a má ṣe máa gbé wọn jó. Ní nǹkan bí oṣù méjì, tí apá wọn bá ti gba fífò, kí a kó wọn lọ sí omi tí irú wọn wà.

Ẹni tí ó ń gbé ìlú onílùú kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Bí ilé alágbàtọ́ ti wù kí ó tura tó, ilé ni àbọ̀ sinmi oko.