Kí ló dé tí bátìrì ọkọ̀ kì í gba iná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ?

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní Èkó, Abuja àti Accra ló mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ọkọ̀ ń sáré geerege lójú ọ̀nà márosẹ̀, iná rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lálẹ́, iná iwájú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báìbáì, iná pupa bátìrì yóò sì máa tàn fírífírí lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá kú lórí afárá Third Mainland, kò ní ṣeé ṣí mọ́. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tó yẹ kí ènìyàn dúró sí lóru.

Bátìrì tuntun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré lọ rà. Yóò ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ìṣòro náà yóò sì tún padà. Ìdí ni pé bátìrì kọ́ ló ń pèsè iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, alternator ni. Iṣẹ́ bátìrì ni láti jí ẹ́ńjìnnì, kí ó sì gba ohun tó ná padà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró

Bẹ́líìtì ni ẹ́ńjìnnì fi ń yí alternator. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan láìtẹ tọ́túù, ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í yí ju ìgbà 600 sí 900 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Alternator ń yí ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta iye yẹn, síbẹ̀ iná tó ń mú jáde lásìkò náà kéré púpọ̀ sí agbára tí wọ́n kọ sí i lára.

Ohun tó ń jẹ iná kò sì dín kù. Gílóòbù iwájú méjì oní watt 55 nìkan ń jẹ nǹkan bí ampere 9. Fáànù rédíétọ̀ tún wà níbẹ̀, èyí tí kì í sinmi nínú ooru, ká tó ka éésì, rédíò àti fóònù tó ń gba iná. Alternator tó jí pépé lè gbé ẹrù yìí. Èyí tó ti ń ṣàárẹ̀ kò lè gbé e, bátìrì ló sì máa ń san gbèsè náà.

Kí mítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tú nǹkan

Kí rìwáyà kọ́kọ́ wọn bátìrì nígbà tí ọkọ̀ ti sinmi fún wákàtí díẹ̀. Bátìrì tó kún máa ń fi nǹkan bíi volt 12.6 hàn; bí kò bá ju 12 lọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣí ọkọ̀, kí wọ́n má tẹ tọ́túù. Ní ara ọ̀pọ̀ ọkọ̀, mítà gbọ́dọ̀ wà láàrin 13.8 sí 14.5. Kí wọ́n wá tan iná iwájú àti éésì. Bó bá já sí abẹ́ 13, ẹrù náà ti wúwo jù.

Ibi tí àṣírí wà nìyí: kí ẹnìkan rọra tẹ tọ́túù títí ẹ́ńjìnnì yóò fi yí tó ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí mítà bá gòkè padà sí nǹkan bí 14, alternator ṣì wà láàyè, ohun kan ló ń fà á sẹ́yìn. Bí kò bá mira rárá, ó ṣeé ṣe kí alternator, regulator rẹ̀ tàbí fíúsì ńlá tó so mọ́ ọn ti kú. Ẹ fi sọ́kàn pé kọ̀ǹpútà àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dín iná kù bí bátìrì bá ti kún, nítorí náà, ẹ má dájọ́ láìtan iná.

Bẹ́líìtì ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí, torí owó rẹ̀ ló kéré jù. Bó bá ti dẹ̀ tàbí tó ti gbó, yóò máa yọ̀, yóò sì máa han goooro bí wọ́n bá tan éésì. Bọ́rọ́ọ̀ṣì inú alternator tún lè ti jẹ tán. Diode kan ṣoṣo tó bá bàjẹ́ á dín agbára ẹ̀rọ náà kù, ó sì tún lè máa fa iná bátìrì mọ́jú.

Nígbà mìíràn, wáyà lásán ni. Kí wọ́n fi ẹnu mítà kan sí ibi tí iná ti ń jáde lẹ́yìn alternator, kí èkejì wà lórí ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù bátìrì, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí iná sì tàn. Bí ìyàtọ̀ bá ju ìdajì volt lọ, wáyà tàbí ìdè tó ti dípẹtà ló ń jẹ iná náà mọ́nú.

Àṣà tó léwu

Àwọn kan ṣì máa ń yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti mọ̀ bóyá alternator dára. Ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà lè fara da irú rẹ̀. Lónìí, iná tó máa ń ta gìrì lásìkò náà lè jó ọpọlọ ọkọ̀, owó èyí sì lè ju ti alternator lọ fíìfíì.

Ẹni tó bá fẹ́ ra alternator tòkunbọ̀ ní Ládìpọ̀ tàbí ní Suame Magazine ní Kumasi gbọ́dọ̀ wo iye ampere ara rẹ̀, kí ó má bàa gbé ti ọkọ̀ kékeré sínú ọkọ̀ ńlá. Kí wọ́n sì dán an wò pẹ̀lú ẹrù kí ó tó sanwó.

Ẹni tí ìṣòro náà bá ká mọ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní tirẹ̀, kí ó pa éésì àti rédíò, kí ó yọ fóònù, kí ó fi jíà sí nútírà, kí ó sì máa rọra tẹ tọ́túù. Kí ó má ṣe pa ẹ́ńjìnnì títí yóò fi dé ibi tó ti lè rí ìrànlọ́wọ́.