Ẹ̀fọ́rí àrùn etí àárín

Ẹ̀fọ́rí àrùn etí àárín ni orí fífọ́ tí ó máa ń wáyé nígbà tí kòkòrò àrùn bá ran etí àárín. Ẹ̀fọ́rí yìí kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀, àmì àìsàn ni. Nítorí náà, ìtọ́jú rẹ̀ kò parí títí a ó fi tọ́jú etí.

Okùnfà

Etí àárín ni àyè kékeré tí ó kún fún afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ìlù etí. Ọ̀nà tóóró kan so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn imú. Bí ọ̀fìnkìn bá mú ènìyàn, ọ̀nà yìí lè wú kí ó sì dí. Omi yóò sé mọ́ inú etí, kòkòrò bíi Streptococcus pneumoniae yóò sì máa pọ̀ sí i níbẹ̀. Lára ọmọdé, ọ̀nà yìí kúrú, ó sì tẹ́jú ju ti àgbàlagbà lọ. Ìdí nìyí tí àrùn náà fi wọ́pọ̀ láàárín wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn iṣan ìmọ̀lára tí ó lọ sí ìlù etí ni ó tún lọ sí ẹ̀bátí. Èyí ni ó fà á tí ìrora etí fi lè di ẹ̀fọ́rí ní ẹ̀gbẹ́ kan orí. Ibà pẹ̀lú máa ń dá kún un.

Ìtọ́jú

Oògùn apàrora bíi paracetamol tàbí ibuprofen ni a kọ́kọ́ máa ń lò, ní ìwọ̀n tí ó bá ọjọ́ orí àti ara aláìsàn mu. A kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní aspirin. Nítorí pé àrùn yìí sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀, dókítà lè ní kí a kọ́kọ́ wò ó fún ọjọ́ 2 sí 3. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá jẹ́ ìkókó, tí ibà rẹ̀ ga, tàbí tí etí ń tú, dókítà sábà máa ń kọ oògùn apakòkòrò, pàápàá amoxicillin. A gbọ́dọ̀ lò ó tán bí ìrora tilẹ̀ ti rọlẹ̀.

Kò yẹ kí a kán àdín tàbí omi ewé sí etí náà, nítorí ìlù etí lè ti lu.

Àmì ewu

Egungun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó wà láàárín etí àárín àti ọpọlọ. Bí kòkòrò bá kọjá ibẹ̀, ó lè ran awọ tí ó bo ọpọlọ. Irú àrùn awọ ọpọlọ bẹ́ẹ̀, tí àwọn dókítà sọ pé ó ti inú etí wá, ni ó pa òǹkọ̀wé ọmọ Írẹ́lándì, Oscar Wilde, ní ìlú Párísì ní ọdún 1900.

Bí ẹ̀fọ́rí kò bá gbóògùn, tí ọrùn le gan-an, tí aláìsàn ń bì tàbí tí ó ń tòògbé lọ́nà àìdáa, tí ẹ̀yìn etí wú, tàbí tí ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìdènà

Ọmú ìyá àti yíyàgò fún èéfín sìgá máa ń dín àrùn náà kù. Ní ọdún 2014, Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ tí ń dènà Streptococcus pneumoniae kún àjẹsára ọmọdé. Àwọn ìkókó ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14.